Orúkọ Tí A Sọ Ọmọ Tí A Kò Tọ́: Ọ̀rọ̀ Nípa Fọláṣadé Adu Àti Ìwé Orúkọ Ọmọ Ìlú

  

Ohun tí a ní kí á sọ̀rọ̀ lé l'órí ni ti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n fi eré àti orin ṣe iṣẹ́ l'ókè òkun, tí aráyé sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Bí a bá fẹ́, a lè fi wákàtí kan ka orúkọ wọn, kí á pàtẹ́wọ́, kí olúkúlùkù sì máa lọ sí ìdí oúnjẹ rẹ̀. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ kan wà ní ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa kò tíì dá. Àwọn ọmọ tí a bí fún wa ní òkèèrè, tí ìyá wọn tàbí bàbá wọn kì í ṣe Yorùbá, tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì tẹ Ìmẹ̀sí rí, ǹjẹ́ a ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé ọmọ ìlú, àbí a kò ní kọ ọ́? Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dé, ẹnìkan yóò bèèrè pé, "Ṣé ọmọ náà gbọ́ èdè?" Ẹlòmíràn yóò ní, "Ta ni ìyá rẹ̀?" Báyìí ni ilẹ̀ yóò ṣe ṣú, tí a ó sì sún un di ọdún tí ń bọ̀. Ìtàn olórin kan tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìkẹ́rẹ́ ni a fẹ́ fi dá sí ẹjọ́ náà l'ónìí.

Oríṣi ènìyàn méjì ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wa kọrin dé òkèèrè. Oríṣi kìíní kò ṣòro fún wa láti mọ̀. Ẹ wo Túnjí Oyèlànà, ẹni tí a bí ní 1939, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bá Wọlé Ṣóyínká ṣe eré orí ìtàgé, tí ó sì ní ẹgbẹ́ olórin tí a ń pè ní The Benders. Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ nínú yín yóò rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Sura, télọ̀ inú eré apanilẹ́rìn-ín tí NTA ń gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní àkókò ìjọba ológun Abacha ni ó fi London ṣe ibùgbé, ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ gbólóhùn kan nínú ohun tí ó ń wí kó àwọn orin rẹ̀ ti 1966 sí 1979 jọ, wọ́n sì tún wọn gbé jáde nínú àwo. Àgbà ni Oyèlànà kí ó tó lọ. Ó gbé ilé dání: èdè wà l'ẹ́nu rẹ̀, òwe wà l'ápò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ọmọ ẹni tí í ṣe.

Oríṣi kejì ni ó ń rú wa l'ójú. Èyí ni ọmọ tí a gbé lọ kí ó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, tí ó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni ẹrù tí ó rù kúrò n'ílé. Nínú irú àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn tó Fọláṣadé Adu, tí gbogbo ayé ń pè ní Sade.

Ìbàdàn ni a bí i sí, ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní, ọdún 1959. Bàbá rẹ̀, Adébísí Adu, jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀-ajé. Ìyá rẹ̀, Anne Hayes, jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. London ni àwọn méjèèjì ti pàdé, tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ní 1955, kí wọ́n tó wá sí Nàìjíríà. Ní ọdún 1959 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ní ìlú Ìbàdàn kan náà, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, èyí tí a fi ń yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ ọwọ́ náà kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ní ìlú òun ni yóò gbé ojú òun dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ ibi tí Ìbàdàn wà.

Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú Colchester ní Essex. Nígbà tí ó pé ọdún mọ́kànlá, ó lọ bá ìyá rẹ̀ gbé ní Holland-on-Sea, ìlú kékeré kan l'étí òkun. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ níhìn-ín, nítorí ẹnu wa dùn láti máa yin ara wa. Kì í ṣe Ìkẹ́rẹ́ ni ó tọ́ ọmọ yìí. Kì í ṣe Èkìtì. Ìyá rẹ̀ àti àwọn òbí ìyá rẹ̀ ni wọ́n fún un l'óúnjẹ, tí wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé, tí wọ́n sì gbé e ró títí tí ó fi tó ẹni tí ń dá dúró. Kí á dúpẹ́ l'ọ́wọ́ wọn kí á tó sọ pé tiwa ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ, tí kò sì nù. Orúkọ méjì ni ó ń jẹ́: Helen àti Fọláṣadé. Nígbà tí ó ń dàgbà ní Essex ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ènìyàn dúdú kò pọ̀ ní agbègbè náà, Helen ni ìbá sì rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Àwa náà mọ iye ọmọ tiwa tí ó ti di Kenny àti Tony kí ọkọ̀ òfuurufú tó balẹ̀! Ṣadé ni ọmọ yìí ń jẹ́. Nígbà tí ó sì dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, orúkọ yẹn náà ni wọ́n fi pe gbogbo ẹgbẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin òyìnbó tí a bí ní ìlú Hull ń jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ṣadé. Nígbà tí àwo wọn dé Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn kò mọ bí wọn yóò ṣe pè é, ilé-iṣẹ́ tí ó ń tà á sì ní láti kọ ọ́ sí i l'ára bí a ti ń pè é. Wọ́n kọ ọ́ ní "Shar-day", bí ẹni pé ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ni. Síbẹ̀, láti ìgbà náà lọ ni àwọn òbí ní Amẹ́ríkà, tí kò mọ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ wọn obìnrin ní Sade. Ọlá tí a fi ṣe adé ti di orúkọ ọmọ onílé l'ọ́hùn-ún. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ l'órúkọ. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní Fọláṣadé ti wo ilé, ó sì wò ó dáradára.

Kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olórin. Iṣẹ́ aṣọ ni ó kọ́, ní Saint Martin's School of Art ní London. Ó ń ṣe àpẹẹrẹ aṣọ, ó sì ń wọ aṣọ àwọn ẹlòmíràn fún àwọn ayàwòrán. Orin ni ó yà sí l'ẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pride, ó ń bá wọn gbe orin. Nínú ẹgbẹ́ náà ni òun àti Ray St. John ti jọ kọ orin tí a mọ̀ sí "Smooth Operator", tí ó máa ń jáde kọ ní òun nìkan l'áàárín eré. Orin kan yẹn ni ó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàtà orin bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní 1983, òun àti Stuart Matthewman, ẹni tí ń fọn sáksófóònù tí ó sì ń ta gìtá, Paul Denman tí ń ta gìtá béèsì, àti Andrew Hale tí ń tẹ dùùrù, di ẹgbẹ́ kan, Ṣadé sì tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Epic.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yára ju bí a ti lè rò ó lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1984 ni orin "Your Love Is King" jáde, ó sì wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù keje ọdún náà ni odidi àwo Diamond Life jáde. Ní Amẹ́ríkà nìkan, iye tí ó tà tó mílíọ̀nù 4. Ní 1985 ó gba ẹ̀bùn àwo tí ó dára jù lọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní òpin ọdún yẹn, àwo kejì, Promise, dé ipò kìíní ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ní 1986 àwọn ará Amẹ́ríkà fún wọn ní ẹ̀bùn Grammy ti olórin titun. Ọdún 1986 yẹn náà ni ó farahàn nínú fíìmù Absolute Beginners, tí ó ṣeré tí ó sì kọrin nínú rẹ̀. Ní tiwa, orin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó dára bí kò ti sọ eré fíìmù di ohun tí ó ń lé kiri.

Ọjọ́ kan wà nínú gbogbo èyí tí ó yẹ kí á dúró tì díẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje, ọdún 1985, a ṣe àpèjọ orin ńlá ní pápá ìṣeré Wembley ní London láti fi kó owó jọ fún àwọn tí ìyàn mú ní Ethiopia. Nǹkan bí 72,000 ènìyàn ni ó wà nínú pápá náà, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e kiri orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100. Ṣadé jáde láàárín wọn, ó dúró jẹ́jẹ́, ó kọrin. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní Wembley!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ohun àkọ́kọ́ tí ó ti Ìkẹ́rẹ́ dé Wembley. Ní 1924, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá ti gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé l'órí, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ kọ́ pápá Wembley yẹn gan-an, ọ̀kan nínú ohun tí a gbé lọ láti Nàìjíríà ni ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́. Ó gbẹ́ Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, ó gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n gbé wá kí i. Àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti London rí ilẹ̀kùn náà, wọn kò fẹ́ kí ó padà mọ́. Ògògà kò gbà kí wọ́n rà á l'ówó. Ìtẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn fún un. Ilẹ̀kùn náà wà ní London di òní.

Ìdí tí a fi mú ti Ọlọ́wẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe Ìsẹ̀ ni a bí i sí. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí i sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rere Arinjalẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ọmọ Ìsẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1938, Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìwé ilẹ̀ òkèèrè sì ń pè é títí di ìsisìnyí. Àwọn baba wa kò bi í l'éèrè ibi tí a ti gbé e wá kí wọ́n tó gbà á. Níbo ni àwa ti wá rí agídí tiwa?

Kí á padà sí ọ̀dọ̀ Ṣadé. Ìwà rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà wù wá ju iye àwo tí ó tà lọ. Kì í pariwo. Àwo Stronger Than Pride jáde ní 1988, Love Deluxe ní 1992. L'ẹ́yìn èyí, ọdún mẹ́jọ kọjá kí Lovers Rock tó jáde ní 2000, ọdún mẹ́wàá sì tún kọjá kí Soldier of Love tó jáde ní 2010. Oníṣòwò wo nínú wa ni yóò ti ìsọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tí yóò padà ṣí i, tí àwọn oníbàárà yóò sì ti tò sí ẹnu ọ̀nà? Soldier of Love dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà l'ọ́sẹ̀ tí ó jáde. Àwọn mẹ́ta tí ó bá bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin mélòó ni a mọ̀ nílé níhìn-ín tí owó kò tú ká kí ọdún márùn-ún tó pé? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè OBE ní 2002 àti CBE ní 2017; ní 2023 a sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ògbóǹtarìgì tí ń kọ orin sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Nínú àwo Lovers Rock, orin kan wà tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Immigrant". Ó sọ nípa ènìyàn dúdú tí ó dé ilẹ̀ àjèjì tí a kò fi ojú ènìyàn wò. Ẹ̀yin tí ẹ wà l'ókè òkun mọ ohun tí ó ń sọ ju àwa tí a wà n'ílé lọ. Ohun tí ó jọ wá l'ójú ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti lówó, ó ti gbayì, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó fi ipá mú un láti ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí a ń lé. Ó kà á.

A mọ̀ pé àtakò yóò dìde. Ẹnìkan yóò sọ pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ọmọ Ìmẹ̀sí, kí ló kàn wá? Òótọ́ ni, Òkè Ọlọ́ṣunta kò sí ní Ìmẹ̀sí, a kò sì fẹ́ gba ọmọ onílé. Àpẹẹrẹ ni a mú, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lè ṣẹlẹ̀ ní agboolé èyíkéyìí tiwa. Ẹlòmíràn yóò sọ pé òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ní ilẹ̀ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, agboolé bàbá ni a ti ń ka ọmọ. Nígbà wo ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ ara ìyá díwọ̀n rẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọbìnrin wa ni ó fẹ́ àjèjì, ojúbọ àti ẹnu ọ̀nà agboolé ìyá kì í ti mọ́ ọmọ. Àwa gbà pé kí a kọ orúkọ àwọn méjèèjì.

Èyí tí ó wúwo jù nínú àtakò wọn ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan fún ìlú. Kò san owó ẹgbẹ́, kò wá sí ìpàdé, kò kọ́ ilé. Ẹ jẹ́ kí á yí ìbéèrè náà po. Nígbà tí Ṣadé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Essex, kí ni a ṣe fún un? Ta ni ó kọ ìwé sí i? Ta ni ó sọ oríkì ilé bàbá rẹ̀ fún un? Kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a rí ojú rẹ̀ l'ára àwo orin. Ọjọ́ náà ni gbogbo Èkìtì di ẹbí. Bí a bá dúró de òkìkí kí á tó mọ ọmọ wa, ọmọ náà lè bi wá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé níbo ni a ti wà.

Ní wákàtí yìí, ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà ní Peckham, tàbí ní Maryland, tàbí ní Jámánì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ agboolé kan níhìn-ín. Bóyá ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ti pínyà. Bóyá yóò di olórin, bóyá yóò di awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Kò kàn wá. Bí ó bá sì ṣe orin ni ó yàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ pè é ní alágbe, nítorí a ti rí i pé iṣẹ́ tí ó ní ìwé àdéhùn, ìṣirò owó àti sùúrù ni. Ohun tí ó kàn wá ni kí ọmọ náà mọ̀ pé ìwé kan wà ní ìlú kan tí orúkọ òun wà nínú rẹ̀, kí ó tó di ẹni tí gbogbo ayé ń wá.

Nítorí náà ni a ṣe mú ìmọ̀ràn yìí wá sí iwájú ìpàdé, a sì bẹ̀bẹ̀ kí ẹ má ṣe tún sún un. Kí ẹgbẹ́ ra ìwé titun kan, kí ó wà l'ọ́wọ́ akọ̀wé àgbà n'ílé. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní òkèèrè kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí ó ní bàbá tàbí ìyá láti Ìmẹ̀sí ránṣẹ́, ì báà gbọ́ èdè, ì báà má gbọ́. Kí wọ́n kọ agboolé tí ó ti wá, ọjọ́ tí a bí i àti ìlú tí a bí i sí. Fún èyí tí kò bá ní orúkọ Yorùbá, kí àwọn àgbà agboolé rẹ̀ wo ilé, kí wọ́n sọ ọ́ l'órúkọ, kí wọ́n fi oríkì kún un, kí akọ̀wé sì fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ nínú lẹ́tà tí ó ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́. A kò ní gba kọ́bọ̀ l'ọ́wọ́ ọmọdé fún èyí. Kí àwọn ẹ̀ka fi orúkọ ránṣẹ́ kí àjọ̀dún tí ń bọ̀ tó pé, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ fi àmì sí orí orúkọ kọ̀ọ̀kan bí a ti ń pè é.